Ìbọn Skeet Àkọ́kọ́: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti Èjìká Ni Kẹ́ Ẹ Fi Yàn Án

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo máa ń lọ yin skeet, eré tí a ti ń fi ìbọn fọ́ àwo tó ń fò lófuurufú, ní òpin ọ̀sẹ̀ níbí ní Houston ní Texas, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: ìbọn wo ni kí òun rà? Á ti wo fídíò títí ilẹ̀ fi ṣú, á ti kọ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀, Beretta, Browning, Benelli, kí n ṣáà ti fọwọ́ sí ọ̀kan ló kù. N kì í fọwọ́ sí i. Èmi náà á da ìbéèrè tèmi pa dà: èwo ló ń ṣe ọ̀gá nínú ojú yín méjèèjì? Ṣé ọrùn yín gùn? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ńkọ́, ó kún ni àbí ó gbẹ? Wọ́n á rò pé mò ń fi wọ́n ṣeré.

Mi ò fi wọ́n ṣeré. Ìbọn ráífù ní ohun tí wọ́n fi ń fojú sùn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ó to méjèèjì lé ara wọn, ẹ ó fara balẹ̀, ẹ ó fa apátí. Ìbọn skeet kò ní ti ẹ̀yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan ló sábà máa ń wà níwájú ẹnu rẹ̀. Ojú ẹni tó gbé e dání gan-an ni ti ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sì ti balẹ̀ sórí ìdí ìbọn ló ń pinnu ibi tí ojú máa wà. Bí ojú bá ga jù, òjé, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké tó ń jáde lẹ́nu ìbọn, á fò kọjá lórí àwo. Bí ojú bá yẹ̀ sí òsì díẹ̀, òsì ni òjé ń lọ, kódà kó jẹ́ Ògún fúnra rẹ̀ ló yìn ín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé orúkọ tí wọ́n fín sára ìbọn ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò.

Fún àwọn tí kò tíì rí eré náà rí, pápá rẹ̀ rí bí ìdajì òbíríkítí. Ilé kékeré méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ tó ń ju àwo sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwo ilé òkè ń jáde láti ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ti ilé ìsàlẹ̀ kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ kó tó máa gòkè. Àwo náà fi díẹ̀ ju íǹṣì 4 lọ ní fífẹ̀. Àwo amọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ òkúta lílọ̀ ni, kó lè tètè fọ́. Ibùdúró mẹ́jọ ló wà, méje lórí ìdajì òbíríkítí náà, ìkẹjọ láàárín ilé méjèèjì. Ọta 25 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yìn kó tó parí ìpele kan. Nígbà mìíràn àwo kan ló ń jáde, nígbà mìíràn méjì ló ń jáde pọ̀ láti ilé méjèèjì, ẹ ò sì ní ráyè mí láàárín wọn.

Ọdẹ ló dá a sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1920, ní Andover ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Charles Davis àti àwọn èèyàn rẹ̀, William Harnden Foster wà lára wọn, ń wá bí ọwọ́ wọn kò ṣe ní kú kí àkókò ọdẹ ẹyẹ tó dé. Ẹyẹ tí wọ́n ń dẹ fara jọ àparò tiwa: á ba sínú koríko títí ẹsẹ̀ yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, á wá fò pẹ̀rẹ̀ lójijì. Odindi òbíríkítí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yí i po bí ọwọ́ aago. Àfìgbà tí aládùúgbò wọn bẹ̀rẹ̀ oko adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Èèyàn kò lè máa rọ̀jò òjé lé adìẹ ẹlẹ́ni lórí, ni wọ́n bá gé pápá sí méjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ kejì sí òdìkejì kí àwo lè máa gba ọ̀nà méjèèjì wá. Títí dòní, ìdajì tí adìẹ fi sílẹ̀ fún wọn yẹn la ń lò. Eré náà ti wà nínú ìdíje Olympics láti 1968, olú ilé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin skeet nílẹ̀ Amẹ́ríkà sì wà ní San Antonio, kò jìnnà sí wa níbí.

Mo mẹ́nu ba ti ọdẹ nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà nílé ti máa ń ṣìnà. Ọdẹ tí a mọ̀, òru ló ń wọgbó, àtùpà káábáìdì wà níwájú orí, ṣakabùlà wà léjìká. Ẹnu ìbọn ló ń da ẹ̀tù àti ọta sí, ọ̀pá ló fi ń kì í, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè yìn ín kó tó tún jókòó kì í. Torí náà kì í kánjú. Á rọra sún mọ́ ẹran, á jẹ́ kí ẹtu dúró, kí ojú rẹ̀ tàn yòò nínú iná, kó tó fà á. Ìdúró ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn. Skeet kò fẹ́ ìdúró rárá. Àwo ń lọ, ìbọn gbọ́dọ̀ máa bá a lọ, kó sì máa lọ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa apátí. Ní ibùdúró kẹrin, níbi tí àwo ti ń dábùú ojú yín, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 ṣáájú àwo lẹ ní láti yìn sí. Ẹni tó bá dá ìbọn dúró kó lè rí àwo dáadáa, ẹ̀yìn àwo ni òjé rẹ̀ ń gbà kọjá.

Ohun tí èyí ní í ṣe pẹ̀lú ríra ìbọn rèé. Ìbọn kúkúrú tó fúyẹ́ yá láti gbé, ó sì yá láti dúró. Ìbọn tó wúwo díẹ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kì í fẹ́ dúró mọ́, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn. Íǹṣì 28 sí 30 ni kí ọ̀pá rẹ̀ gùn, kí gbogbo ìbọn náà wúwo tó pọ́n-ùn 7 àbọ̀ sí 8 àbọ̀. Ọkùnrin máa ń gbé ìbọn pọ́n-ùn 6 nínú ṣọ́ọ̀bù, á ní "Ó mà fúyẹ́ o!", inú rẹ̀ á máa dùn. Ẹ jẹ́ kó yìn ín ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ́sàn-án ọjọ́ kan ná.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ojú. Ẹ lè ṣe èyí nínú pálọ̀ yín lálẹ́ òní. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọnrangandan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn títí ihò kékeré kan á fi kù láàárín, ẹ gba inú ihò yẹn wo aago ara ògiri. Ojú méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Ẹ wá di ojú òsì. Bí aago bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún yín ló ń ṣe ọ̀gá. Bí aago bá pòórá, ojú òsì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, tí ojú òsì sì ń ṣe ọ̀gá fún wọn láìmọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì là, ojú òsì á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ojú ọ̀tún, ìbọn á máa kọjú sí ibì kan, ẹni tó gbé e á máa wo ibòmíràn. Àwọn kan máa ń lẹ téèpù kékeré mọ́ gíláàsì ojú òsì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èmi gbà pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì ní àṣà kankan tó máa gbàgbé, kó kúkú gbé e sí èjìká òsì láti ọjọ́ kìíní.

Bí ẹ bá sì gbé e sí òsì, ìbọn tí ẹ ó rà yí pa dà. Ọ̀pọ̀ ìbọn semi-auto, ìyẹn èyí tó ń kó kátíríìjì kejì wọlé fúnra rẹ̀, ló ń tu ìkarahun kátíríìjì sí ọ̀tún, èyí tó túmọ̀ sí pé iwájú imú yín ló máa ń gbà kọjá. Kò pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń dẹ́rù ba ojú, ojú tó bá sì ń ṣẹ́ kò lè rí àwo. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì, tàbí kẹ́ ẹ ra ẹlẹ́nu méjì tí kò tu nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́.

Bẹ́ ẹ bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ìbọn kó tó gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ bi í pé ògiri wo ni kẹ́ ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Ní pápá, ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n lé yín lọ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kì í ṣe àwo tí ẹ tàsé.

Ẹ wo igun òkè ògiri kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ di ojú méjèèjì. Ẹ gbé ìbọn sókè bó ṣe máa ń rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ gbé e wá bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bá a, kí ìdí rẹ̀ wọ kòtò èjìká. Ẹ wá lajú. Kí lẹ rí? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn irin ìbọn nìkan lẹ rí, tí ìlẹ̀kẹ̀ iwájú ti rì, ìdí ìbọn náà ti rẹlẹ̀ jù fún yín. Bó bá jẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí ọ̀pá ìbọn lẹ rí bí òpópó, ó ga jù. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá wà lápá kan, ìdí rẹ̀ kò tẹ̀ sí ọ̀nà tó yẹ. Èyí tó bá yín mu ni èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ ti jókòó gẹ́lẹ́ lórí ọ̀nà náà, tí díẹ̀ lára ọ̀nà ọ̀hún sì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Ìbọn tí ẹ gbọ́dọ̀ yí ọrùn kẹ́ ẹ tó rí iwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ráyè yí ọrùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwo bá ti jáde.

Ẹ tún wo gígùn ìdí rẹ̀, láti apátí dé ibi tó kan èjìká. Ìka méjì sí mẹ́ta ni kó wà láàárín àtàǹpàkò ọwọ́ tó di ìbọn mú àti imú yín. Bó bá kúrú jù, àtàǹpàkò yín á máa fi ẹ̀ṣẹ́ kí imú. Bó bá gùn jù, á máa há sí abíyá bẹ́ ẹ ti ń gbé e bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é ní nǹkan bí íǹṣì 14 sí 14 àbọ̀, ọkùnrin tó ga níwọ̀nba ni wọ́n ní lọ́kàn. Obìnrin tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí apá rẹ̀ kò gùn, ìyà ìbọn yẹn á jẹ ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi pákó tín-ín-rín tàbí ike kéékèèké kún semi-auto tí ẹ lè fi sáàárín irin àti ìdí ìbọn láti gbé e sókè tàbí láti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún wọn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kan sọ fún mi nígbà kan pé kí n má ṣèyọnu, ara mi á mọ́ ọn. Èjìká tó bá ti wú, kí ló fẹ́ mọ́ lára?

Irú ìbọn wá ńkọ́? Pump-action ló dín owó jù. Mossberg 500 àti Remington 870 kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo méjì bá jáde, ẹ gbọ́dọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ tún tì í síwájú kẹ́ ẹ tó yin ìkejì, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á sì dàrú. Ẹlẹ́nu méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ni ìbọn àwọn ọ̀gá. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, gbogbo pápá ló rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lè há. Ó rẹwà pẹ̀lú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dára tuntun lé ní $2,000 dáadáa, gbogbo agbára ọta rẹ̀ sì ń gbá yín léjìká lẹ́ẹ̀kan náà.

Semi-auto tó ń lo gáàsì yàtọ̀. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, díẹ̀ nínú gáàsì rẹ̀ á gba ihò kékeré kan lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, òun ló máa ti irin sẹ́yìn, tó máa tu ìkarahun dà nù, tó máa jẹ́ kí kátíríìjì kejì wọlé. Iṣẹ́ tí gáàsì yẹn ń ṣe fa gbígbá náà gùn, kò dé èjìká bí ẹ̀ṣẹ́ mọ́, ó ń dé bí ìgbà tí èèyàn bá tini. Kì í ṣe gbogbo semi-auto ló ń lo gáàsì o: ti Benelli, gbígbá ìbọn gan-an ló fi ń ṣiṣẹ́, ó mọ́ tónítóní ju ti gáàsì lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ ọ́n léjìká. Ìbọn àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ èmi ni, semi-auto onígáàsì ni, kó jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n tọ́jú. Tèèyàn bá ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀, á máa di ojú kó tó fa apátí, kò sì ní kọ́ nǹkan kan.

Ti choke, irin kékeré ẹnu ìbọn tó ń pinnu bí òjé ṣe máa fọ́n ká, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwo kì í jìnnà ju nǹkan bí yáàdì 21 lọ, ẹ fi choke tí wọ́n kọ skeet sí lára síbẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Géèjì, ìyẹn bí inú ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó (12 fẹ̀ ju 20 lọ, 20 fẹ̀ ju 28 lọ), ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀, nítorí ìwà kan tí àwa ọkùnrin ní. Bí ìyàwó tàbí ọmọ bá ní òun náà fẹ́ yìn, a ó lọ ra .410 fún un torí pé ó kéré. Ìbọn àwọn ọ̀jáfáfá la gbé fún ọmọdé yẹn! Ìdajì áúǹsì òjé ló ń gbé. Nínú òjé nọ́ńbà 9 tí a ń lò, nǹkan bí hóró 585 ló wà nínú áúǹsì kan, ìyẹn ni pé kò tó 300 ló ń jáde lẹ́nu .410. Géèjì 12 tó gbé áúǹsì kan ń tú ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọmọ á tàsé, á tún tàsé, á ní eré yìí kò dùn. Ẹ wá géèjì 20 tàbí 12 tó wúwo díẹ̀, tó ń lo gáàsì, tí ìdí rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, kẹ́ ẹ fi kátíríìjì fífúyẹ́ tó gbé ìdá méje nínú mẹ́jọ áúǹsì sí i. Géèjì 28 dùn ún yìn bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n owó kátíríìjì rẹ̀ á lé yín kúrò ní pápá.

Àbúrò mi kan ní Katy, nítòsí Houston níbí, pè mí lọ́dún tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò lè ra ẹyọ kan, kí n máa fi ṣọ́ ilé, kí n sì máa gbé e lọ sí pápá ní Sátidé?"

Mo ní, "Ìwọ náà rò ó wò. Ṣé o máa wọ bàtà bọ́ọ̀lù lọ sí ọ́fíìsì ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan ń wọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́ wa."

Ìbọn tí wọ́n ń tà fún ṣíṣọ́ ilé, ọ̀pá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 18 àbọ̀. Ó kúrú kó lè yí nínú kọ̀rídọ̀. Ní pápá skeet, gbogbo ohun tí mo sọ lókè nípa ìbọn tó ń dúró lójijì ló máa bá a ṣe. Mo sọ fún un pé bó bá fẹ́ ṣọ́ ilé, ìyẹn ìnáwó ọ̀tọ̀.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó bá jẹ́ físà lẹ ṣì wà lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àbẹ̀wò tàbí H-1B ti òṣìṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kẹ́ ẹ ra ìbọn, kò sì gbà kẹ́ ẹ gbé ìbọn tàbí ọta dání, àyàfi bí ẹ bá wọ inú àwọn àyè kéékèèké tí wọ́n fi sílẹ̀, irú bíi kẹ́ ẹ ní ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀ kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìbọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ kàn gbà yìn ní pápá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15, wọ́n sì lè lé èèyàn pa dà sílé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti ní green card lè ra, bó bá ti pé ọmọ ọdún 18 fún irú ìbọn yìí. Á kún fọ́ọ̀mù 4473 ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Òfin ìpínlẹ̀ kò dọ́gba, ti Texas kọ́ ni ti New Jersey. Ẹ bi lọ́yà, ẹ má bi mí.

Owó tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu kì í ṣe ti ìbọn. Páálí kátíríìjì kan, ìyẹn 25, máa ń lé ní $10, ìpele kan ṣoṣo ló sì ń jẹ. Ẹni tó bá yin ìpele mẹ́rin ní Sátidé ti yin páálí mẹ́rin, kò tíì san owó pápá. Bí ẹ bá ní $1,500, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé ìbọn. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ ra ìbọn, kẹ́ ẹ fi ìyókù ra kátíríìjì, ohun ìdítí, gíláàsì ojú àti wákàtí díẹ̀ pẹ̀lú kóòṣì.

Bí ẹ bá ń wo tòkunbọ̀, ẹ wo ọrùn ìdí ìbọn, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, bóyá igi rẹ̀ ti sán. Ẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀ níbì kan. Ẹ wo ẹnu àwọn ìdè rẹ̀. Bí screwdriver bá ti jẹ wọ́n, ẹnì kan ti jókòó tú ìbọn yẹn láìmọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, ẹ pa á dé, ẹ wo irin kékeré tó wà lókè tí wọ́n fi ń ṣí i. Nígbà tó bá wà ní tuntun, ó máa ń yẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Bó bá ti dé àárín tàbí tó ti kọjá sí òsì, ìbọn náà ti ṣiṣẹ́ gan-an, kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Remington 1100 tòkunbọ̀ ni àbúrò mi rà níkẹyìn, géèjì 12, íǹṣì 28. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti gbé irú ìbọn yẹn jáde, ní 1963, ẹ ṣì máa rí i ní pápá gbogbo. Kò tíì fọ́ ju àwo 14 lọ nínú 25, ṣùgbọ́n kì í ráhùn èjìká. Rọ́bà róbótó kan wà lábẹ́ ọ̀pá 1100 tó ń dá gáàsì dúró; bó bá já, ìbọn kò ní lè kó kátíríìjì kejì wọlé mọ́. Kò tó dọ́là mẹ́wàá. Mo ní kó ra méjì pa mọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó ní òun ti ra márùn-ún.